Ọwọ́ Ló Bú Wọn, Ọwọ́ Ni Yóò Bẹ̀ Wọ́n

Bí àwọn ọmọ tó ń wá kí mi nílé bá bi mí pé, "Màmá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?", mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ ni mo sọ jẹun. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ẹnu lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́, tí ẹ sì gbà pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ti mú ti di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ná, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi níyì jù lọ láyé mi, ẹnu kọ́ ni mo fi sọ ọ́.

Ràbíátù ni orúkọ mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, àlùfáà ni bàbá mi, kéwú ló sì ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Ẹni tó bá mọ ìlú wa á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ọmọ àlùfáà. Bí mo bá na ọwọ́ òsì sí wàláà, pàṣán bàbá mi á ti bà á. Bí mo bá fi gba ẹran lọ́wọ́ ìyá mi, ẹran náà á padà sínú ìkòkò. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ohun tí wọ́n ń sọ fún mi láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn, títí ọwọ́ náà fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn ní sísọ. Ìjọba ń wá ọmọbìnrin tó lè bá àwọn ìyálọ́mọ sọ̀rọ̀ nípa ìlera, mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ibẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ọ́fíìsì wa wà ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa dé Ògbómọ̀ṣọ́. Olùkọ́ ìlera ni wọ́n kọ sínú ìwé mi, àmọ́ wolé-wolé ni gbogbo ayé ń pè mí, torí pé àwa àti àwọn tó ń yẹ ìdọ̀tí ilé onílé wò la jọ ń lo ọ́fíìsì kan. Ibi tí mo bá yọ sí, wọ́n á ti máa sáré bo ìkòkò omi wọn.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Adéníran. Díákónì ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ga, ó gbẹ, ẹ̀rín rẹ̀ sì wọ́n bí ojú. Fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí àfi tó bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé iwájú rẹ̀, mo kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí nípa omi mímu. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Pa ẹnu dé."

Mo pa á dé.

"Ó dáa. Wàyí o, sọ ọ́."

"Kí ni kí n sọ, sà?"

"Ohun tí o ń sọ bọ̀ náà ni. Sọ ọ́ láìlanu."

Mo rò pé orí ọkùnrin yìí ti yí. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi. Láràárọ̀, n ó dúró níwájú tábìlì rẹ̀, á ní kí n kí òun, kí n bẹ òun, kí n kìlọ̀ fún òun, kí n mú òun lọ́kàn le, gbogbo rẹ̀ láìlanu. Á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, á wá ní, "N kò gbọ́." N ó tún un ṣe. "N kò gbọ́ nǹkan kan." Ìgbà mìíràn wà tí mo délé tí mo sunkún, tí mo sọ fún ìyá mi pé n ó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ọ̀gá mi ní ojú nìkan kọ́, pé ọ̀rọ̀ wà ní ìgbọ̀nwọ́, ó wà ní orúnkún, ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó kọ́ mi pé bí mo bá dé ibi tí àwọn àgbà jókòó sí, n kò gbọdọ̀ dúró lé wọn lórí bí ẹni tó wá gba owó orí; kí n bọ́ bàtà, kí n kúnlẹ̀, kí àwọn fúnra wọn ní kí n dìde. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ìjà ni mo gbé dé. Bí mo bá ká ọwọ́ lérí, wọ́n á rò pé mo wá túfọ̀. Bí mo bá sì ń sọ̀rọ̀ nípa àrùn tó ń pa ọmọdé, ojú mi kò gbọdọ̀ bà lé ọmọ ẹnikẹ́ni, kí ìyá rẹ̀ má baà sọ pé mo ṣépè fún òun. Ó ní rúlà onígi kan. Ìgbàkígbà tí ọwọ́ òsì mi bá ṣèèṣì gbéra, rúlà náà á ti kàn án ní ìgbọ̀nwọ́. Kì í dùn mí lára púpọ̀, ìtìjú rẹ̀ ló ń dùn mí.

Ó tún kọ́ mi láti gbọ́ ohun tí ara àwọn olùgbọ́ ń sọ. "Obìnrin tó bá ń tún ìró ró," ó ní, "ọ̀rọ̀ rẹ ti sú u, ilé ló ń lọ. Èyí tó bá tú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tó gbé e lé itan, ìyẹn ti jókòó tì ọ́. Má wo ẹnu wọn o, ọmọ yìí. Ẹnu á máa dá ọ lóhùn pé a gbọ́, a gbọ́, ẹsẹ̀ á sì ti wà lọ́nà ilé."

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n lọ ra ọṣẹ dúdú wá ní ọjà Akẹ̀sán, kí n ná an dáadáa, kí n má sì lanu. Mo lọ. Mo nawọ́ sí ọṣẹ, mo fajú ro nígbà tí ìyá ọlọ́ṣẹ dárúkọ iye rẹ̀, mo fọwọ́ bẹ̀ ẹ́, mo ṣe bí ẹni tó ń lọ, mo tún bojú wẹ̀yìn. Àánú ṣe ìyá náà.

"Ẹ wo ọmọ tó rẹwà tó báyìí, odi ni!" ló wí fún ẹni kejì rẹ̀. "Gbà, ọmọ mi, mo ti fi ènì sí i. Ọlọ́run á dá sí ọ̀rọ̀ ẹ."

Bí mo ṣe ń gba ọṣẹ ni obìnrin àdúgbò wa kan já lù mí. "Ràbí, ọmọ Àlùfáà! Ṣé ìyá ẹ wà ńlé?" Mo fi orí dá a lóhùn. "Hà! Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́nu? Ìwọ tá a ń gbọ́ ohùn ẹ láti ìta!"

Ìyá ọlọ́ṣẹ wo èmi, ó wo obìnrin náà. "Ó ń sọ̀rọ̀?"

N kò dúró gbọ́ ìyókù. Eré ni mo sá kúrò ní Akẹ̀sán, tòun ti ènì lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí n tó tún lè gba iwájú àwọn ọlọ́ṣẹ kọjá.

Ọ̀gá mi yẹ ọṣẹ náà wò. "Ènì wà ńbẹ̀," ó ní. "O ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Ṣé ẹ ti wá gbọ́ mi báyìí, sà?"

"Díẹ̀ ni mo wí. Ọjọ́ tí ara rẹ bá sọ̀rọ̀ tí kò kù síbì kan, n ó ṣí fìlà fún ọ."

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọmọdé ló ń ṣí fìlà fún àgbà. Bí àgbà bá wá ṣí tirẹ̀ fún ọmọdé, tí ọmọ ọ̀hún tún jẹ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kò sí ìyìn tó tún ju ìyẹn lọ. Mo gbé e sọ́kàn. Mo pinnu pé n ó rí orí ọkùnrin yẹn kí n tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tó yá, ó gbà kí n lanu, a sì jọ ń jáde. Ayé ìjọba ológun ni, àwọn ọdún tó kángun sí 1990. Agogo ni irinṣẹ́ wa: a ó lù ú, èrò á pé jọ, n ó kúnlẹ̀ kí wọn, n ó wá sọ̀rọ̀. Ohun tí ìjọba ní ká máa sọ nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn ìyá wa gbà pé omi ló ń di ìgbẹ́ nínú ọmọ, wọn a sì fi omi du ọmọ tó ń yàgbẹ́, kí ó lè dá. Ibẹ̀ ni ọmọ ń gbẹ sí tó fi ń kú. Àwa ń kọ́ wọn láti po omi tí wọ́n sè, iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà pọ̀, kí wọ́n máa fi ṣíbí fún ọmọ mu. Bí ìyá bá tọ́ ọ wò, kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Omi lásán, iyọ̀ lásán, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ láyé.

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́, tó rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo. Àṣẹ wá láti òkè pé a gbọ́dọ̀ máa lò ó. Inú mi dùn dé ìdí! Ọ̀gá mi ní tirẹ̀ wò ó yí ká, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí á jẹ ọwọ́ rẹ kan." N kò lóye ohun tó ń wí.

Àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́kọ́ lò ó. Èrò pọ̀ bí omi. Olórí àwọn obìnrin ibẹ̀, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àṣàkẹ́, jókòó síwájú lórí àpótí. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ẹ̀rọ sẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ohùn mi ń dún dé òpópó kejì. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń po omi náà, bí mo sì ṣe pò ó tán, mo bu ife kan, mo nà án sí ìyá àgbà kí ó tọ́ ọ wò.

Ọwọ́ òsì ni mo fi nà án. Òun nìkan ló ṣófo, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó jáde.

Ìyá Àṣàkẹ́ wo ife, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. Gbogbo obìnrin tó wà ńbẹ̀ dìde, wọ́n tún ìró tiwọn náà ró.

"Ọwọ́ òsì ni ìjọba fi ń fún wa lómi?" ìyá náà bèèrè. "Ẹ gbé e padà fún ẹni tó rán yín."

Mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń pariwo "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́" nínú ẹ̀rọ náà, àfi bíi pé mò ń lé wọn lọ ni. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé omi wa ti lórúkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Omi òsì ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ọmọ tó bá mu ún, òṣì ló mu. Àwọn ọ̀gá ńlá bínú, wọ́n ní kí n wá jókòó sí ọ́fíìsì kí n máa to fáìlì. N kò bìkítà fún fáìlì. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni àwọn ọmọ tí wọn ò ní fún lómi mọ́ nítorí ọwọ́ mi.

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé n ó padà lọ, n ó ṣàlàyé fún wọn pé wọ́n bí mi bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí.

"Ẹnu rẹ kò ṣẹ̀ wọ́n, òótọ́ ló sọ," ó ní. "Ọwọ́ ló bú wọn. Ọwọ́ ni yóò bẹ̀ wọ́n."

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò náà fi ránṣẹ́ sí wa. Jímọ̀, ọmọ-ọmọ Ìyá Àṣàkẹ́, ti ń yàgbẹ́ láti àná, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ń sunkún láìsí omi lójú. Wọ́n ti dá omi dúró fún un. Wọn kò gbà kí nọ́ọ̀sì gbé e lọ sí ọsibítù, wọn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ omi wa sétí. Bí omi kò bá wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó lè má mọ́jú. Ọ̀gá mi kàn gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni. Nígbà tí a débẹ̀, ó dúró ti ọkọ̀ lójúde, kí a lè gbé ọmọ náà sáré bí wọ́n bá gbà. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, ó jù ú sẹ́yìn ìjókòó.

"Lọ sọ ọ́," ó ní. "Láìlanu."

Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo wọ àgbàlá náà, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àṣàkẹ́, mo gbé abọ́ omi àti ọṣẹ tí mo mú wá kalẹ̀. Ẹnì kan ní, "Ọlọ́wọ́ òsì tún ti dé o!" Mo na ọwọ́ òsì náà jáde kí gbogbo wọn rí i, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún wẹ̀ ẹ́, láti ìgbọ̀nwọ́ dé èékánná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ni mo fi òsì wẹ ọ̀tún. Mo po omi, iyọ̀ àti ṣúgà. Mo bù ú, èmi fúnra mi kọ́kọ́ mu. Mo wá bu òmíràn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè sí ìyá àgbà, mo tẹ orí ba, mo sì ń wo ilẹ̀.

Kò gbà á. Mo dúró bẹ́ẹ̀. Orúnkún ń ta mí, apá mi ń gbọ̀n, mo ń gbọ́ ohùn Jímọ̀ nínú yàrá, ohùn tó ti há. Gbogbo ara mi ń bẹ̀bẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ni, ǹ bá ti pariwo.

Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ tí ìyá náà mí kanlẹ̀.

"Ọ̀tún wẹ òsì," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "òsì wẹ ọ̀tún..."

"Lọwọ́ fi ń mọ́," àwọn obìnrin tó yí wa ká dá a lóhùn.

Ọwọ́ méjèèjì ni òun náà fi gba ife náà. Ó tọ́ ọ wò. "Ẹ gbé ọmọ yẹn wá fún mi," ó ní.

Ṣíbí kan, ṣíbí kan, ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ó bì í, a tún fún un. Mo yí ojú padà, mo rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń tú ọmọ ẹ̀yìn wọn, tí wọ́n ń gbé wọn lé itan, tí wọ́n ń jókòó sílẹ̀. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí oòrùn yí, Jímọ̀ ta ẹsẹ̀, ó la ẹnu, ó ké. Ìyá rẹ̀ fi ìka nu ojú rẹ̀, ó sì pariwo tí gbogbo àdúgbò gbọ́:

"Ó ń sunkún o! Omi wà lójú ẹ̀ o!"

Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí! Ọmọ ń ké, àwọn àgbàlagbà ń jó. Ìyá Àṣàkẹ́ gbá mi mọ́ra, èmi náà ń sunkún bí Jímọ̀. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ omi ọ̀hún ti yí padà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Omi ọlọ́wọ́ méjì ni wọ́n ń pè é. Mo dé àdúgbò tí n kò dé rí, mo bá àwọn obìnrin tí wọ́n ń wẹ òsì, tí wọ́n ń wẹ ọ̀tún, tí wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́ ọ wò, tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ara wọn. Ọ̀rọ̀ mi ti ṣáájú mi débẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sójúde lọ́jọ́ yẹn. Mo jáde síta bí ọba, mo lọ dúró níwájú ọ̀gá mi, mo tẹjú mọ́ fìlà rẹ̀. Ó ti ń wo gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó kàn tún fìlà náà dé ni.

"Ọwọ́ rẹ gbọ̀n," ó ní, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi. Inú bí mi débi pé n kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi wọ Ọ̀yọ́.

Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ fáìlì sí mi mọ́. Mo rin ìrìn àjò, mo gun ipò, mo kọ́ àwọn ọmọ mìíràn níṣẹ́. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi: tẹlifíṣàn dé, fóònù dé. Gbogbo rẹ̀ ni mo lò, mo sì gbádùn wọn, àmọ́ bí wọ́n bá gbé gbohùngbohùn fún mi, n ó ní kí wọ́n wá ọ̀pá tí wọn ó gbé e kọ́. Mo nílò ọwọ́ mi méjèèjì. Bí ọmọ tuntun bá sì dé sábẹ́ mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ fún un ni pé kó pa ẹnu dé. Wọ́n máa ń rò pé orí mi ti yí.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀yọ́. Wọ́n yìn mí títí, etí mi kún. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọmọbìnrin kan di bàbá arúgbó kan mú, tí wọ́n ń wọlé bọ̀. Ọ̀gá mi ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Olóòtú ètò tí kò mọ̀ sáré gbé gbohùngbohùn lọ bá a pé kí bàbá bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọ̀gá mi mi orí. Ó rọra já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó dá dúró.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òsì ló gbé sókè, irú òsì tó fi rúlà lé kúrò lára mi, ó ń gbọ̀n bí ó ṣe ń lọ sókè. Ó ká a mọ́ fìlà náà, ó sì ṣí i. Orí rẹ̀ ti pá, ó ń dán. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa ọwọ́ òsì, àmọ́ ojú mi ló ń wò, ó ń dúró de èsì.

Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà.

"Mo gbọ́ yín, sà," mo ní. "Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀."